Ìgò Kẹtàdínlógún

Ọ̀rọ̀ kan ti gbé inú mi fún ọdún mọ́kànlá, lónìí ni mo ń lé e jáde. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi tún un ṣe, torí mi ò tíì rí ẹni tó lè sọ ọ̀rọ̀ mi dáadáa jù mí lọ, ìbáà jẹ́ ìyìn, ìbáà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Dókítà sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé ó ti rẹ ọkàn mi, pé kí n má ṣe máa bínú mọ́. Mo bi í pé kí ni kí n wá máa fi ojúmọ́ ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé àkókò tó kù fún mi kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ṣòfò. Nítorí náà, ẹ̀yin oníbàárà mi, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró níwájú pẹpẹ ìgò mi tí ẹ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá ibì kan jókòó sí. Ìgò kẹtàdínlógún tí gbogbo yín mọ̀, èyí tó sọ mí di ẹni tí mo dà, ohun tí mo kọ sí ara rẹ̀ kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Mo sì fi ọwọ́ ara mi pa ohun kan ṣoṣo tí ì bá tú mi fó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ bí mo ṣe ga tó kí n tó ṣubú. Alágbàfọ̀ ni mí. Ilé ìwòsàn kan ni mo ti fọṣọ fún ọdún mẹ́rìnlá, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan tí ògiri rẹ̀ máa ń làágùn bí èèyàn. Kò sí ẹni tó rán mi lọ sí iléèwé nítorí imú. Inú òkìtì aṣọ ìdọ̀tí ni mo ti kàwé tèmi. Màá mú ṣẹ́ẹ̀tì kan, màá gbé e sún mọ́ imú, màá ní, “Ọkùnrin ni. Káfíńtà ni. Ó máa ń mu tábà, ẹ̀rù sì ń bà á gan-an.” Àwọn nọ́ọ̀sì á lọ wò ó lórí ibùsùn rẹ̀, wọn á sì padà wá bá mi pẹ̀lú ẹnu yíyà. Káfíńtà yẹn gan-an ni mo fẹ́ nígbà tó yá. Títí dòní, kò sẹ́ rí pé ẹ̀rù ba òun. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan sáré wọ yàrá ìfọṣọ, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n má fọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ òun tó kú láàárọ̀. Mo ti fọ̀ ọ́ tán. Ó gba ṣẹ́ẹ̀tì tútù náà lọ́wọ́ mi, ó fi bo ojú, ọṣẹ nìkan ló gbọ́. Kò bú mi. Ó kàn wò mí. Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ náà ló lé mi kúrò nídìí ọṣẹ. Mo ní láyé mi, màá dá òórùn àwọn tó ti lọ padà fún àwọn tó ṣẹ́kù. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo jẹ́ kí wọ́n ṣe é tán, mo sì bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ohun tí ẹ rí nínú ṣọ́ọ̀bù mi, èmi ni mo ro ó fúnra mi. Mo máa ń tẹ́ aṣọ olóògbé sáàárín gíláàsì méjì tí mo ti fi ọ̀rá funfun pa, ọ̀rá tí mo ti sè tí mo sì ti sẹ́ títí kò fi ní òórùn tara rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n á fi wà nínú òkùnkùn. Ọ̀rá á fa òórùn aṣọ náà mu. Màá wá fi sípírítì fọ ọ̀rá, sípírítì á gba òórùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, màá rọ ọ́ sínú ìgò, màá fi ìda dí i lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́ta kí n tó fọwọ́ kan aṣọ ẹnikẹ́ni, mi ò ní jẹ àlùbọ́sà, mi ò ní fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀, Káfíńtà ò sì gbọ́dọ̀ tan tábà nínú ilé. Mo ti fi pákó ìjókòó mẹ́rin dá òórùn kíláàsì kan padà, kíláàsì inú iléèwé tí wọ́n ti wó, tí àwọn arúgbó tó kàwé níbẹ̀ wá dúró yí ìgò náà ká tí wọ́n ń ti ara wọn bí ọmọdé. Mo ti mú òórùn jáde látinú fìlà ọmọ ọwọ́ tí ọmọ náà ti di bàbá àgbà. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, mi ò sì ní tìtorí pé mo ń jẹ́wọ́ kí n wá máa ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni obìnrin kan gbé aṣọ wá fún mi nínú àpò bébà. Tíṣà ni, nítorí náà Tíṣà ni màá máa pè é. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì ṣáájú. Adìwé ni ìyá náà: òun ló ń rán ìwé tó ti já, tó ń lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń fi awọ bò ó, fún iléèwé mẹ́ta àti fún ilé-ẹjọ́. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni Tíṣà gbé wá, èyí tó máa ń so mọ́ iwájú ara kí gúlúù má baà ta sí i. Ó ní, “Ìyá Onígò, mo ti ń gbàgbé wọn. Mo rántí ojú wọn. Mo rántí ohùn wọn. Ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń rí tí mo bá forí lé wọn láyà, ó ti ń lọ mọ́ mi lọ́wọ́.” Ẹni tó bá lọ́gbọ́n lórí á ní, “Màá gbìyànjú.” Kí ni èmi sọ? Mo ní, “Lọ jókòó sílé rẹ. Màá dá wọn padà fún ọ.”

Mo tẹ́ aṣọ náà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò fún mi ní nǹkan kan àfi eruku àti gúlúù díẹ̀. Mo tún un tẹ́. Òfo. Aṣọ náà ti tutù jù, ó ti pẹ́ jù nínú àpótí. Mo wá jókòó, mo rò ó, mo sì sọ fún ara mi pé ara ló fi òórùn sínú aṣọ, ara náà ló máa jí i. Mo wọ̀ ọ́. Mo so aṣọ iṣẹ́ ìyá olóògbé mọ́ ara mi, láìsí nǹkan kan láàárín òun àti awọ mi, mo sì fi ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì gbáko nínú ooru tó ń yọ́ ìda. Káfíńtà rí mi. Ó ní, “Aṣọ òkú lo wọ̀ yìí?” Mo ní, “Aṣọ iṣẹ́ ni.” Ó ní, “Iṣẹ́ ta?” Mo ní, “Tèmi. Lọ fá pákó rẹ.” Lọ́jọ́ kẹta mo bọ́ ọ, mo tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá, ọ̀rá sì mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Òórùn kan jáde tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó jinlẹ̀, tó dà bíi yàrá tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo kọrin. Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi ọ̀gá imú gbàgbé, ohun tí ọmọ ọdún méje lè sọ fún mi: kò sí ẹni tó ń gbọ́ òórùn ara rẹ̀.

Tíṣà wá. Ó ṣí ìgò náà, ìgò kẹtàdínlógún, ó fà á símú. Ó ní, “Màámi.” Ó jókòó sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń kọjá lọ sì dúró lójú fèrèsé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Kí oṣù tó parí, àwọn èèyàn ti ń wọkọ̀ láti ìlú mìíràn wá wo obìnrin tó ń mú ìyá èèyàn jáde látinú aṣọ. Mo ní kí Káfíńtà fi pákó mẹ́ta kún pẹpẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Tíṣà mú àbúrò rẹ̀ wá. Wẹ́dà ni, ó ń jó irin pọ̀ ní ẹ̀yìn ọgbà ọkọ̀ kan, ó sì ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, ìbọ̀wọ́ awọ rẹ̀ ṣì há sí ìgbànú. Tíṣà gbé ìgò fún un bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Wẹ́dà gbọ́ ọ. Ó wò mí. Ó tún un gbọ́. Ó wá sún mọ́ mi, ó ní, “Ẹ má bínú, mà,” ó sì gbé imú sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn mi. Ó ní, “Àǹtí, kì í ṣe Màámi. Ìyá Onígò ni.”

“Kí lò ń sọ?”

“Ẹ fi imú sí wọn lọ́rùn kí ẹ tún fi sí ìgò. Ọ̀kan náà ni.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ahọ́n mi kì í pẹ́ gbọ́ iṣẹ́. Mo ní, “Ìwọ tó jẹ́ pé èéfín irin ni oúnjẹ àárọ̀ rẹ, ìwọ lo wá kọ́ mi ní òórùn? Lọ wẹ imú rẹ ná.” Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, Wẹ́dà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gbé ìyókù ọ̀rá náà lọ bá Káfíńtà nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní kó gbọ́ ọ kó sọ ẹni tó jẹ́. Kò tiẹ̀ sọ ọ̀pá ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Ìwọ ni.”

“Rò ó dáadáa.”

“Kí ni mo fẹ́ rò? Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń sùn tì í. Kí wọ́n fi ọ́ sáàárín ẹgbẹ̀rún obìnrin kí wọ́n sì dì mí lójú, màá fà ọ́ jáde.”

Kò sí ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin sọ fún mi rí, ọjọ́ tó máa bà mí jẹ́ gan-an ló sì yàn láti sọ ọ́. Ẹ dúró síbí, kí ẹ wò mí dáadáa. Títí di ìṣẹ́jú yẹn, àṣìṣe ni. Mi ò mọ̀, mi ò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ilé Tíṣà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ilé wa. Mo lè wọ bàtà mi kí n lọ sọ fún un pé, “Ọmọ mi, mo ṣì í.” Mo tiẹ̀ wọ bàtà náà. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo rí àwọn mẹ́jọ tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń dúró dè mí, wọ́n kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá, mo sì bọ́ bàtà.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, Wẹ́dà nìkan padà wá pẹ̀lú agolo bísíkíìtì kan tó ti fi téèpù dí yíká. Àpò ìrọ̀rí ìyá wọn ló wà nínú rẹ̀. Ó ti yọ ọ́ lọ́jọ́ tí ìyá náà kú, kí ẹnikẹ́ni tó dé yàrá, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì ti ṣí agolo náà láti ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, èémí kan ṣoṣo. Ó ní, “Mà, kì í ṣe pé mo fẹ́ bà yín lórúkọ jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi òórùn ẹlòmíì rántí ìyá wa ni. Ọjọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ ká gbé méjèèjì síwájú wọn, kí wọ́n gbọ́ ọ fúnra wọn.” Ó fẹ́ gbé agolo náà padà lọ. Èmi ni mo ní, “Fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Èéfín ibi iṣẹ́ rẹ á bà á jẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀ nìyí.” Ó fi sílẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pàápàá.

Mo ṣí agolo náà, mo sì mí sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gúlúù ìyẹ̀fun tí wọ́n ti sè. Òwú tí wọ́n fi ìda pa. Awọ. Bébà tí òjò ti kan rí tó sì ti gbẹ. Nǹkan kan tó mú bí ọsàn, lókè pátápátá. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, obìnrin kan, òun gangan, tó dúró ṣinṣin, tó ní sùúrù, tó máa ń fi ọwọ́ nu iwájú orí. Bí ẹni pé ó wọlé, ó fa àga, ó jókòó tì mí. Nínú gbogbo ayé mi, mi ò gbọ́ ohun tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo sì mọ̀ pé bí Tíṣà bá gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi ẹnikẹ́ni.

Ibí ni ọwọ́ mi ti wúwo láti kọ̀wé, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́. Mo gbé omi kaná. Mo mú ọṣẹ tí mo fi ń fọwọ́ kí n tó ṣiṣẹ́, ọṣẹ tí kò ní òórùn kankan, èmi ni mo sè é, òun ló dára jù nínú gbogbo ọṣẹ tí mo mọ̀. Mo fọ àpò ìrọ̀rí náà nínú omi mẹ́ta. Mo fi fínígà sí ìkẹrin kí gúlúù má baà ṣẹ́kù nínú ojú òwú. Mo fún un, mo gbọ̀n ọ́n, mo sá a sínú oòrùn lẹ́yìn ilé. Kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń lé òórùn kúrò lára aṣọ bí alágbàfọ̀ ilé ìwòsàn, ìmọ̀ tí mo sá kúrò nídìí rẹ̀ ni mo padà lọ bẹ̀ lọ́wẹ̀. Nígbà tó gbẹ, mo fi ọwọ́ rún un kó lè padà rún bó ṣe rún tẹ́lẹ̀. Mo ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, ìlà lé ìlà, mo dá a padà sínú agolo, mo sì fi téèpù tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu dí i. Ó mọ́ tóní. Mo tiẹ̀ rò ó lọ́kàn pé iṣẹ́ náà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo rí. Káfíńtà ti kọjá lẹ́yìn ilé nígbà tí aṣọ náà wà lórí okùn. Ó ní, “Ta ló ni èyí?” Mo ní, “Tèmi ni.” Ó wò ó, ó wò mí, ó wọlé lọ. Mo gbọ́ tó ń fá pákó kan ṣoṣo títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ́ ṣú. Nígbà tí mo lọ wò ó, kò sí pákó mọ́, èérún pákó ló kù. Kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, Tíṣà wà níbẹ̀, àwọn oníbàárà mẹ́fà wà níbẹ̀, Wẹ́dà sì wọ aṣọ tó dára. Ó tú téèpù, ó gbé imú sínú agolo, mo sì rí ojú rẹ̀. Ó tún un gbé. Ó yọ aṣọ náà, ó yí i padà, ó gbọ́ igun kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Ó ní, “Ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.”

Tíṣà ní, “Kí ló wà níbẹ̀? Gbé e wá.” Ó gbọ́ ọ. “Agolo òfìfo lo fi ń bá mi jà láti ọjọ́ yìí?”

“Àǹtí, ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ ọ lọ́dún tó kọjá.”

Èmi ni mo wá sọ̀rọ̀, mo sì rọra sọ ọ́, ìrọ̀rùn ohùn mi lọ́jọ́ náà sì burú ju èébú lọ. Mo ní, “Ọmọ mi, ọ̀fọ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wu ọkàn ni imú máa ń gbọ́.” Wẹ́dà yíjú sí mi. Kì í ṣe ìbínú ló wà lójú rẹ̀. Ó ń bèèrè ni. Ó ní, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, mà? Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé èmi ni mo ń tan ara mi jẹ?” Ilẹ̀kùn òótọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ó pa agolo náà dé, ó jáde, kò gbá ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ má rò pé mo sùn lórí rẹ̀. Èémí kan ṣoṣo tí mo mí nínú agolo yẹn, imú mi kò jù ú nù. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń tún obìnrin náà kọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn: mo ń se ìyẹ̀fun, mo ń ti bébà bọ òjò, mo ń fi ìda pa òwú, mo ń pò ó, mo ń dà á nù. Igba ìgò ó lé méjìlá ni mo dà nù. Màá ti fẹ́ sọ pé ìrònúpìwàdà ló mú mi ṣe é. Irọ́ ni. Ìgbéraga ni. Mi ò lè fara da kí òórùn kan wà láyé tí mo gbọ́ tí mi ò lè ṣe. Lọ́dún yìí ni mo rí i ṣe. Ìgò kékeré kan, tí kò ní nọ́ńbà. Kò sí ẹlòmíì tó lè ṣe é, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Ọkàn mi wá daṣẹ́ sílẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, Tíṣà kò fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Yóò wá, yóò gbé orí lé mi láyà, yóò ní, “Ẹ ti ṣiṣẹ́ lórí Màámi títí, òórùn wọn ti wọ̀ yín lára.” Ẹ gbọ́ mi? Ó fi ẹ̀rí tó lè dá mi lẹ́bi yìn mí. Ní ọjọ́ kan ó ní, “Mo ti kọ̀wé sí àbúrò mi. Mo ní kó wá bẹ̀ yín nítorí ohun tó fi kàn yín kí ẹ tó... kí ara yín tó yá. Ó gbà. Ó ní òótọ́ ni, òun ṣẹ̀ yín.”

Mo ti gbé irọ́ náà fún ọdún mọ́kànlá, kò wúwo. Gbólóhùn yẹn ló wúwo. Mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sílé. Wọ́n wá ní ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì, irun Wẹ́dà ti funfun níwájú. Ó wọlé, ó kí mi, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀. Mo ní, “Dìde.”

“Mà?”

“Mo ní dìde. Bí orúnkún rẹ bá kan ilẹ̀ yìí, màá kú síwájú rẹ, wàá sì tún rí ẹ̀bi ìyẹn gbé.” Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ síbí, mi ò fi fínígà pàápàá sílẹ̀. Káfíńtà dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Òótọ́ ni. Mo rí i lórí okùn, mo sì dákẹ́.” Tíṣà wo ìgò kẹtàdínlógún tó gbé wá láti ilé rẹ̀. Ó ní, “Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi yín sùn.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ó sì dùn mọ́ mi,” bí ẹni tí nǹkan ń rí lára. Wẹ́dà ní, “Ẹ fọ̀ ọ́?”

“Mo fọ̀ ọ́.”

“Omi mélòó?”

“Mẹ́ta. Àti ọ̀kan pẹ̀lú fínígà.”

Mo gbé ìgò kékeré náà fún un, mi ò sì ní purọ́, inú mi ń dùn. Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Ó ní, “Gúlúù yẹn nìyí. Òwú yẹn nìyí.” Ó gbé e kúrò nímú. “Màámi fúnra wọn, mi ò mọ̀.” Mo ní kó tún un gbọ́. Ó ní, “Kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mi ò ní mọ̀. Ẹ kọ́ mi pé kí n má gba imú mi gbọ́, mo sì mọ ẹ̀kọ́ náà dáadáa.” Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ọgbẹ́ iná kan bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, ó ń dán. “Mo gbọ́ òórùn gáàsì níbi iṣẹ́ lọ́dún kẹta. Mo ní ohun tó ń wu ọkàn mi ni. Mo tan iná.”

Iṣẹ́ tí mo fi ọdún mọ́kànlá ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pé, ó péye, ẹni kan ṣoṣo tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ni mo ti fọ̀ pọ̀ mọ́ àpò ìrọ̀rí. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, “Mi ò tíì lè ṣe é, mà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tí ẹ gbé irọ́ náà sí, kí àwọn tó bá yín fi mí rẹ́rìn-ín lè kà á.”

Ìdí tí ẹ fi rí bébà yìí lára ògiri nìyẹn. Káfíńtà ló kàn án mọ́ ọn, ìṣó mẹ́rin. Mo ti yí ohun tó wà lábẹ́ nọ́ńbà kẹtàdínlógún padà. Ó kà báyìí: “Òórùn alágbàfọ̀ kan tó wọ aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀.” Àyè ìgò náà ṣì ṣófo, torí Tíṣà sọ ọ́ kalẹ̀ lórí tábìlì mi, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wá mú un, ó ní òun ò tíì mọ ohun tí òun máa fi ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, imú yín á mú, mo ti rí sí ìyẹn. Ẹ máa gbéraga, mi ò ní kí ẹ má gbéraga, ẹni tí kò bá gbéraga kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣì í, ẹ wọ bàtà yín, kí ẹ má sì bọ́ ọ títí ẹ ó fi dé ilé ẹni náà. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹ̀yin oníbàárà mi, ẹ dárí jì mí. Ẹni tó bá fẹ́ kí n ṣí ìgò òun níwájú òun kí n sọ bí mo ṣe ṣe é, kó wá. Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni wọ́n, mi ò bẹ̀rù ọ̀kan.

Lánàá lọ́sàn-án, àwọn méjèèjì jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ìgò kékeré náà wà láàárín wọn. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé, wọn ò rí mi. Tíṣà gbọ́ ọ, ó ní, “Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí Màámi fi ń fọ irun nìyí.” Wẹ́dà gbà á, ó gbọ́ ọ, ó yí imú. “Rárá, Àǹtí. Èèpo ọsàn tó gbẹ ni. Abẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n máa ń tọ́jú rẹ̀ sí.” Tíṣà ní, “Ta ni yóò fi èèpo ọsàn sábẹ́ ìrọ̀rí?” Wẹ́dà ní, “Màámi. Ẹ̀yin ti lọ sílé ọkọ nígbà yẹn, èmi ni mò ń tẹ́ ibùsùn.” Ó tún un gbọ́, ó dijú, ó sì ní, lóhùn tó le díẹ̀, “Ó dá mi lójú.” Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń gba ìgò lọ́wọ́ ara wọn. Mo mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Èmi ni mo ṣe é, mo mọ ohun tí mo fi sí i. Ọwọ́ mi ti wà lára fèrèsé láti ṣí i. Mo gbé e kúrò, mo sì pa ẹnu mi dé.